Ta ni yóò san owó àtúnṣe ògiri adágún ìbomirin wa tí ó ti gbó?

Akápò Alómi

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kan tí a jọ ń fa omi láti inú adágún kan ṣoṣo bomi rin oko wa. Ògiri erùpẹ̀ ni wọ́n fi sé omi náà, ó sì ti lé ní 50 ọdún tí wọ́n ti mọ ọ́n. Àwọn tí ó mọ ọ́n ti papò dà, ìwé àwòrán rẹ̀ kò sì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ohun tí ó gbé mi wá ni pé láti ìgbà òjò tí ó kọjá ni ilẹ̀ ìsàlẹ̀ ògiri náà, ní ọ̀gangan ibi tí páìpù ńlá tí ń gbé omi lọ sí oko gbà jáde, kò ti gbẹ mọ́. Gbogbo koríko ara ògiri ti gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n ti ibẹ̀ yẹn tutù yọ̀yọ̀, bí ènìyàn bá sì tẹ ibẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò rì dé ọrùn ẹsẹ̀. Páìpù náà fúnra rẹ̀ ti dípẹtà débi pé mo fi ọwọ́ ṣí èépá kan kúrò ní ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń bó ẹ̀pà. Igi mẹ́ta ti hù sára ògiri tí ìtí wọn ju itan ènìyàn lọ. Orí ògiri sì ti rọ̀ wálẹ̀ ní ibì kan, tí omi fi máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ kún dé ibẹ̀ bí òjò bá le.

Ìpàdé mẹ́ta ni a ti ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀nà mẹ́ta ni a sì pín sí. Àwọn kan ní kí olúkúlùkù dá owó lẹ́ẹ̀kan náà, ní ìwọ̀n hẹ́kítà tí ó ní, kí a sì parí rẹ̀. Àwọn kan ní kí a lọ yá owó ní báńkì, kí a fi 20 ọdún san án. Àwọn tí ó pọ̀ jù ní kí a dúró de ìjọba, nítorí pé ìjọba ni ó kọ́ ọ kí wọ́n tó fà á lé àwọn bàbá wa lọ́wọ́. Owó tí ó wà nínú àpótí wa kò ju èyí tí a fi ń gé koríko tí a sì fi ń kun géètì ní ọ̀dà lọ, nítorí ó ti tó ọdún 11 tí a kò ti fi kún owó omi. Èmi tí mo jẹ́ akápò mọ̀ pé ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀, torí pé mo fẹ́ kí ará gbádùn mi ju kí wọ́n máa bá mi jà lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, nínú ọ̀nà mẹ́ta yìí, èwo ni ó tọ́? Bí ẹ bá sì ti rí irú rẹ̀ rí, báwo ni ẹ ṣe pín ẹrù owó náà tí kò fi dá ìjà sílẹ̀?

Ẹnjiníà Tó Ti Fẹ̀yìntì

Ẹ kú iṣẹ́, Akápò, ẹ sì kú àfaradà. Iṣẹ́ ìsédò ni mo fi ayé mi ṣe kí n tó fẹ̀yìntì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ báńkì sílẹ̀ ná, n ó padà sí i.

Ilẹ̀ tí kò gbẹ ní ìdí páìpù kì í ṣe ohun tí à ń fi ìpàdé mẹ́ta wò. Kò sí ògiri erùpẹ̀ tí omi kì í sun gba inú rẹ̀. Ohun tí ó ń pa ògiri ni kí omi náà máa kó erùpẹ̀ dání bí ó ti ń jáde. Bí ó bá ti ń kó erùpẹ̀, ihò tí ó ń gbẹ́ yóò máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sí ìhà adágún, ẹni tí ó bá dúró lórí ògiri kò sì ní rí nǹkan kan, títí ọjọ́ tí ihò náà yóò fi bá omi adágún pàdé. Ẹ̀gbẹ́ páìpù ni irú ihò bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn jù, nítorí pé ó ṣòro fún àwọn tí ó kọ́ ọ láti gún erùpẹ̀ le dáadáa lábẹ́ páìpù roboto. Bí irin náà bá wá dípẹtà tí ó lu, yálà kí omi inú páìpù máa tú sínú ògiri, tàbí kí erùpẹ̀ ògiri máa wọ inú páìpù lọ, kò sí èyí tí ó sàn nínú méjèèjì.

Ìsédò Teton ní ìpínlẹ̀ Idaho ní Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ gbó. Ìgbà àkọ́kọ́ tí omi ń kún inú rẹ̀ ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 1976, àwọn òṣìṣẹ́ rí omi ẹlẹ́rẹ̀ tí ń jáde lára rẹ̀. Wọ́n rán katakata méjì lọ láti ti erùpẹ̀ dí ihò náà, ihò náà sì gbé katakata méjèèjì mì. Kí aago méjìlá ọ̀sán tó lù, ògiri tí gíga rẹ̀ lé ní 90 mítà ti ya, ènìyàn 11 sì bá a lọ. Láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán ni gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Tiyín kéré sí i púpọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni omi ń gbà ṣe é.

Nítorí náà, owó àkọ́kọ́ tí ẹ ó ná kì í ṣe owó tí ẹ ó yá. Ẹ sọ omi adágún kalẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ó wà ní ìsàlẹ̀ ju bí ẹ ti máa ń jẹ́ kí ó kún lọ. Kò ná yín ní nǹkan kan ju ìwọ̀nba omi tí ẹ ó pàdánù, ó sì ń dín agbára tí omi fi ń ti ògiri kù lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ ẹ má ṣe sọ ọ́ kalẹ̀ lójijì, nítorí pé ìhà tí ó kọjú sí omi ti mu omi yó. Bí omi tí ó ń gbé e ró bá sá lọ tán ní ọjọ́ kan, ó lè ya lulẹ̀. Ìwọ̀n díẹ̀ lójoojúmọ́ ni. Ẹ má sì hú igi wọ̀nyẹn báyìí tí omi ṣì ga. Bí ẹ bá hú wọn, ihò gbòǹgbò yóò ṣí sílẹ̀. Bí ẹ bá gé wọn tí ẹ fi gbòǹgbò sílẹ̀, yóò jẹrà, yóò di ọ̀nà omi. Iṣẹ́ ẹni tí yóò gbẹ́ gbogbo rẹ̀ jáde tí yóò sì gún erùpẹ̀ padà ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ pe ẹni tí ó mọ ìsédò kí ó wá ti kámẹ́rà bọ inú páìpù, kí ó lu ihò ìwádìí sínú ògiri, kí ó sì wọn ọ̀nà àkúnya, ìyẹn ibi tí omi tí ó bá pọ̀ jù ń gbà jáde, bóyá ó tó fún òjò ńlá. Owó èyí kéré sí owó iṣẹ́ gan-an, ẹ lè dá a láàárín ara yín. Ìwé tí yóò kọ fún yín ni báńkì yóò béèrè, òun náà sì ni ìjọba yóò béèrè.

Àwọn tí ń retí ìjọba kò sọnù pátápátá. Ní Amẹ́ríkà, lábẹ́ àwọn òfin kan tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti ọdún 1954, ìjọba àpapọ̀ bá àwọn ará ìgbèríko kọ́ ìsédò kéékèèké tí ó lé ní 11,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì ṣírò pé yóò lo 50 ọdún. Nígbà tí 50 ọdún ń kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n tún òfin ọdún 1954 náà ṣe ní ọdún 2000, kí ìjọba àpapọ̀ lè máa gbé ìdá 65 nínú 100 owó àtúnṣe. Ẹ kíyè sí i pé ìdá 35 kù, tí àwọn ará ibẹ̀ ni yóò wá a. Ẹni tí kò bá ní 35 lọ́wọ́ kò ní rí 65 gbà, bí ìjọba tilẹ̀ ṣí ọwọ́. Bí ẹ ti ń dúró de ìjọba, ẹ máa dá owó nìṣó.

Alága Àtijọ́

Ẹnjiníà ti sọ èyí tí ó tóbi jù. Èmi fẹ́ sọ bí ojú wa ṣe rí nígbà tí a ṣe é ní ìdàkejì.

Ẹgbẹ́ tí mo ṣe alága rẹ̀ nígbà kan yá owó kí ó tó mọ ohun tí ó ń ṣe ògiri rẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe kan wá, ó rìn lórí ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó dá iye kan, a sì gba iye náà ní báńkì. Ní ọjọ́ tí wọ́n gbẹ́ ìdí páìpù, a rí i pé abẹ́ rẹ̀ ti jẹ tán, ọwọ́ mi wọ ibẹ̀ títí dé ìgúnpá. Owó tán nígbà tí ògiri ṣì là sílẹ̀ bí ẹnu. Ìgbà irúgbìn kan kọjá tí a kò rí omi, èlé sì ń gun ojú owó, nítorí báńkì kò mọ̀ pé ògiri là. A padà lọ yá ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nípa 20 ọdún tí àwọn kan ń sọ, ẹ gbé ìṣirò rẹ̀ wò. Bí ẹ bá yá 100, tí èlé rẹ̀ jẹ́ ìdá 6 nínú 100 lọ́dún, tí ẹ sì ń san iye kan náà lọ́dọọdún, ẹ ó máa san nǹkan bí 8.7 lọ́dún fún 20 ọdún, àpapọ̀ rẹ̀ yóò sì jẹ́ nǹkan bí 174. Bí ó bá jẹ́ 10 ọdún, ẹ ó máa san nǹkan bí 13.6 lọ́dún, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì ní ju 136 lọ. Àwọn àgbẹ̀ máa ń wo 8.7 nìkan. Èmi kò sọ pé 20 ọdún burú o. Ògiri tí a tún mọ dáadáa yóò pẹ́ ju 20 ọdún lọ, ó sì tọ́ kí ẹni tí yóò lo omi náà ní ọdún kẹẹ̀dógún san lára rẹ̀, dípò kí arúgbó tí ó ń fi oko sílẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀ gbé gbogbo ẹrù. Èyí tí mo lòdì sí ni kí a fi owó 20 ọdún ra ohun tí yóò bàjẹ́ ní ọdún kẹjọ. Ọ̀dà géètì, koríko, òkúta tí ìgbì omi ń kó lọ, owó ọdọọdún ni kí ẹ fi ṣe wọn. Páìpù tuntun àti yanrìn tí a tò sí ìdí ògiri láti máa sẹ́ omi, kí ó lè jáde láìkó erùpẹ̀, àwọn wọ̀nyẹn ni owó ẹ̀yáwó wà fún. Ẹ má sì ṣe wọ́n ní ìlàjì, ibi tí a bá fi sílẹ̀ ni omi yóò wá gbà.

Ti pínpín, ibẹ̀ ni ìjà wa gbóná sí. Ẹni tí ó ní ilẹ̀ púpọ̀ ní kí a fi omi tí olúkúlùkù lò ṣírò rẹ̀, nítorí pé ó ń fi apá kan ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ń gbin ohun tí ó ń mu omi ní kí a fi hẹ́kítà ṣírò rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, a pín owó omi sí méjì. Èkíní jẹ́ owó ògiri, tí olúkúlùkù ń san lórí hẹ́kítà, yálà ó fa omi lọ́dún náà tàbí kò fà á, nítorí pé gbèsè kì í dín kù nítorí pé òjò rọ̀ dáadáa. Èkejì jẹ́ owó omi gan-an, tí a ń fi ìwọ̀n omi gbà, èyí tí a fi ń san owó ẹni tí ń ṣí géètì àti iṣẹ́ kéékèèké. Ìgbà tí a jẹ́ kí gbèsè dá lórí omi tí wọ́n fà nìkan, ọdún kan tí òjò pọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ wá di ajẹgbèsè tí ń sá fún báńkì.

Ará Ìsàlẹ̀ Odò

Ẹ dákun, èmi kì í ṣe àgbẹ̀. Ìsàlẹ̀ irú ìsédò bẹ́ẹ̀ ni ilé mi wà. Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, mi ò sì rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti dárúkọ wa.

Ní òru ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin ọdún 1986, ògiri adágún Kantale ní Sri Lanka ya. Adágún ìbomirin ni, láti ayé àwọn ọba àtijọ́ ni ó ti wà. Ó lé ní 100 ènìyàn tí ó kú, orí oorun ni omi sì bá ọ̀pọ̀ wọn. Bí ògiri bá ya, irè oko kan ni àgbẹ̀ máa ń pàdánù. Ẹ̀mí wa ni tiwa. Kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé àwọn tí ń bomi rin oko nìkan ni yóò san owó tí ó ń dáàbò bò wá?

Ní Netherlands, láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá ni wọ́n ti ní ìgbìmọ̀ omi tí ń tọ́jú ògiri ìdènà omi, tí ó sì ń bu owó lé gbogbo ẹni tí ògiri náà ń ṣọ́, onílé àti onílẹ̀. Nígbà tí àkúnya omi ọdún 1953 ba ilẹ̀ wọn jẹ́, àwọn ìgbìmọ̀ náà dá báńkì tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1954, kí wọ́n lè máa yá owó pọ̀ ní èlé tí ó rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń sanwó níbẹ̀ a máa dìbò yan ìgbìmọ̀ náà. Bí ẹ bá fẹ́ owó wa, a ó san án, àmọ́ ẹ fún wa ní àga ní ìpàdé yín. Ẹ má ṣe wá gba owó lọ́wọ́ wa kí ẹ tún máa ti ìlẹ̀kùn mọ́ wa, kí ẹ sì máa jẹ́ kí omi kún dé ètí ògiri ní ọjọ́ tí ẹ̀yin bá fẹ́.

Akápò Alómi

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ẹni iyì. Ọ̀rọ̀ Ará Ìsàlẹ̀ Odò kan mí lára, nítorí pé lóòótọ́ ni ilé wà ní ìsàlẹ̀ tiwa, n kò sì ronú kàn wọ́n rí bí kò ṣe nígbà tí wọ́n bá wá pẹja.

Ìbéèrè méjì kù. Èkíní, àwọn tí oko wọn wà ní ìparí ọ̀nà omi ń sọ pé àwọn kò ní san kọ́bọ̀, torí pé omi kì í dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà tí àwọn tí ó wà lókè bá ti fà á tán. Èkejì, ó tó ìdá kan nínú mẹ́ta nínú wa tí ó jẹ́ pé wọ́n yá ilẹ̀ tí wọ́n ń ro ni. Ta ni yóò san owó ògiri lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, onílẹ̀ ni, tàbí ẹni tí ń ro ó?

Alága Àtijọ́

Àwọn tí ó wà ní ìparí ọ̀nà omi kò jẹ̀bi. Ẹ ò lè máa gba owó ògiri lọ́wọ́ ẹni tí kò rí omi. Obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Elinor Ostrom, tí ó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ètò ọrọ̀ ajé ní ọdún 2009. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún wo àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tí ń pín omi lò káàkiri ayé, ó sì rí i pé àwọn tí ó pẹ́ ni àwọn tí ẹrù olúkúlùkù bá àǹfààní tí ó ń rí dọ́gba, tí wọ́n sì ní ẹni tí ń ṣọ́ omi, tí ìjìyà ẹni tí ó bá rú òfin sì ń bẹ̀rẹ̀ láti orí kékeré. Kí ẹ tó sọ owó fún wọn, ẹ kọ́kọ́ ṣètò ọjọ́ omi wọn, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn máa di kọ́kọ́rọ́ géètì mú ní ọjọ́ náà. Bí àwa ṣe ṣe é nìyẹn, àwọn tí kò fẹ́ san tẹ́lẹ̀ sì di ẹni tí ń kọ́kọ́ san.

Ti ilẹ̀ tí a yá, onílẹ̀ ni kí ó san owó ògiri, nítorí òun ni iye ilẹ̀ rẹ̀ yóò ga sí i. Ẹni tí ń ro ó ni kí ó san owó omi. Onílẹ̀ yóò fi kún owó ilẹ̀, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ayálẹ̀ bá kó lọ, gbèsè yín kò ní bá a lọ.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé báńkì kankan, ẹ rí i pé ẹgbẹ́ yín ní ìforúkọsílẹ̀ lábẹ́ òfin, kí ó jẹ́ pé orúkọ ẹgbẹ́ ni ó wà lórí gbèsè. Orúkọ tèmi ni wọ́n kọ nígbà tiwa.

Ẹnjiníà Tó Ti Fẹ̀yìntì

Akápò, ẹ bu omi tí ń sun ní ìdí páìpù yẹn sínú ìgò tí ó mọ́, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ sì kọ déètì sí ara ìgò kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbẹ́ kòtò kékeré, kí ẹ fi páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ gba omi náà jọ, kí ẹ máa wọn ìṣẹ́jú tí ó fi ń kún garawa kan. Bí ìṣẹ́jú náà bá ń dín kù nígbà tí omi adágún kò ga sí i, tàbí tí nǹkan bá ń rọ̀ sí ìdí ìgò, ẹ má ṣe dúró de ìpàdé.

Akápò Alómi

Ìgò mẹ́rin ti wà lórí fèrèsé mi báyìí. Omi mẹ́ta àkọ́kọ́ mọ́ gaara. Ti àná ní erùpẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ ní ìdí, kò nípọn ju bébà lọ, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Mo gbé e lọ fún alága wa kí ilẹ̀ tó mọ́. Kò bá mi jiyàn. A ti ṣí géètì díẹ̀, a ti rán ènìyàn sí àwọn ará ìsàlẹ̀, a sì ti dá owó ẹni tí yóò wá wo inú páìpù. Àwọn tí ó ní kí a dúró de ìjọba náà dá tiwọn, lẹ́yìn tí a gbé ìgò náà yí ká láàárín wọn.